Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ìfipágbàjọba Niger, Ìjẹníyà ECOWAS àti Àwọn Tí Ìyà Náà Bà Lé

Alága ìjókòó, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa iṣẹ́ tì kí ẹ tó wá síbí, ẹ kú àfiyèsí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìnàró. Mo kí àwọn ọlọ́jà tí mo rí láàárín wa lọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára kí àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé máa ń ṣe nígbà tí sójà bá fipá gbàjọba, àti ohun tó máa ń dé bá aráàlú lẹ́yìn rẹ̀. Ayé fẹ̀, àkókò wa kò sì pọ̀. Niger ni mo mú. Ìdí méjì ni: aládùúgbò wa ni wọ́n, Àbújá níbí ni wọ́n sì ti dá ẹjọ́ wọn.

Àwọn baba wa ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ. Ní Niger, ìka wo ni a gé?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niamey, olú-ìlú Niger, ni wọ́n tì í mọ́lé. Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Nígbà tó di alẹ́, Amadou Abdramane, agbẹnusọ wọn, jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn sójà tò sẹ́yìn rẹ̀, ó kéde pé ìjọba Bazoum ti dópin, pé bọ́dà ti di títì, pé kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 28, Tchiani fúnra rẹ̀ yọjú, ó ní òun ni olórí.

Kí ni wọ́n ní ó fà á? Wọ́n ní ààbò kò sí, wọ́n ní ìjọba kò dára. Òótọ́ ni pé àwọn agbébọn ń pa ènìyàn ní Tillabéri àti ní Diffa. Kò sí ẹni tó lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí wọ́n wó lulẹ̀. Láti ìgbà tí Niger ti gba òmìnira ní 1960, ọdún 2021 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ààrẹ tí aráàlú dìbò yàn gbé ìjọba lé ọwọ́ ẹlòmíràn tí aráàlú dìbò yàn. Ṣáájú ìgbà náà, sójà ti gbàjọba ní 1974, ní 1996, ní 1999 àti ní 2010. Ohun tí ó gbà wọ́n ní ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó rí i, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi nígbà náà, inú sì ń bí mi títí di òní.

Ìbínú Àbújá

Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn aládùúgbò dákẹ́? Rárá o. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò níí jẹ́ kí a sùn lóru. Mali ti bọ́ sọ́wọ́ sójà ní 2020, ó tún lọ ní 2021. Guinea lọ ní 2021. Burkina Faso lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 2022 nìkan. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́yá ló ń ṣe: kò sí ààrẹ kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 9 oṣù Keje yẹn kan náà ni. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àga náà tí Niger fi gbiná. Ní ọjọ́ 30, àwọn olórí péjọ sí Àbújá. Wọ́n fún àwọn sójà ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá Bazoum padà sórí oyè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè lo agbára. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti bọ́dà ilẹ̀ àti ti òfuurufú, wọ́n dá káràkátà dúró, wọ́n ti owó Niger mọ́ àwọn báńkì àpapọ̀, wọ́n sì ní kí a gé iná.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ọkàn mi wà.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, nígbà tí ECOWAS yìí kan náà ti bọ́dà mọ́ àwọn sójà Mali, wọ́n yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀ nínú ìwé ìpinnu wọn. Wọ́n ní kí oúnjẹ tí aráàlú ń jẹ máa wọlé. Wọ́n ní kí oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn máa wọlé. Wọ́n ní kí epo ọkọ̀ máa wọlé, kí iná mànàmáná sì máa tàn. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ nígbà yẹn! Nígbà tó kan Niger, wọn kò yọ ìkankan sílẹ̀. Iná tí wọ́n dá sí ní Mali, òun ni wọ́n dárúkọ ní Niger pé kí wọ́n gé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìpinnu 2664, tó sọ pé bí wọ́n bá ti owó ẹnikẹ́ni mọ́ báńkì nínú ìjẹníyà tiwọn, kò gbọdọ̀ dí àwọn tó ń gbé ìrànwọ́ lọ fún aráàlú lọ́wọ́. Gbogbo ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tán. Kí ló dé tí a fi gbàgbé rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin?

Ẹni tí ìyà náà bà lé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iná. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò, láti Nàìjíríà ló ti ń lọ. Àdéhùn àtijọ́ ni, ó sì ní ìdí. Odò Ọya gba ilẹ̀ wọn kọjá kó tó dé Kàìnjí tí a ti ń rí iná. Àwọn kò ní dí odò náà lókè, àwa náà yóò sì máa fún wọn nínú iná tí odò náà bí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, a gé e. Ní Niamey, iléeṣẹ́ iná wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwọ̀nba tó kù láti àdúgbò dé àdúgbò, wákàtí díẹ̀ níhìn-ín, wákàtí díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tan tirẹ̀. Ààfin Tchiani ha ṣókùnkùn bí? Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn. Ẹni tó ṣókùnkùn fún ni télọ̀, ẹni tó ń lọ ata, aláboyún tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí ní àárín òru. Àjọ UNICEF, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé lágbàáyé, kígbe síta pé ẹ̀rù ń ba àwọn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù.

Ẹ wá sí Malanville. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Benin kọjá mọ ibẹ̀: afárá kan ló wà lórí Odò Ọya, Malanville ní apá ìhín, Gaya ti Niger ní apá ọ̀hún. Niger kò ní etí òkun. Èbúté Kútọnu ni ọ̀nà ọ̀fun wọn. Nígbà tí wọ́n ti afárá náà, àwọn tírélà tò sójú ọ̀nà lọ rẹrẹẹrẹ. Abẹ́ ọkọ̀ ni àwọn awakọ̀ ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dáná, ibẹ̀ ni òjò oṣù Kẹjọ sì bá wọn. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló wá di afárá tuntun: wọ́n ń kó ènìyàn, wọ́n ń kó àpò ìrẹsì, owó ọkọ̀ sì ń gòkè. Ọ̀nà kan kò wọjà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú kì í ṣe ọ̀nà tálákà, owó rẹ̀ pọ̀ jù fún un.

Nínú àwọn ẹrù tó há sí bọ́dà yẹn, oúnjẹ àjọ tó ń bọ́ aláìní lágbàáyé, ìyẹn WFP, wà níbẹ̀. Nǹkan bí 6,000 tọ́ọ̀nù. Nínú rẹ̀ ni oúnjẹ àkànṣe wà tí wọ́n ń fún ọmọ tí àìjẹunrekánú ti mú kí eegun ìhà rẹ̀ hàn síta. Kí sójà tó gbàjọba rárá, àjọ UNICEF ti ní àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí àìjẹunrekánú máa kàn lọ́dún náà ní Niger yóò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀, àti pé nínú wọn, ó kéré tán 430,000 ni yóò ní èyí tó burú jù, èyí tí ń pani. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fojú inú wò ó. Oúnjẹ ọmọ yìí wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà. Ìwé kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ni kò jẹ́ kó kọjá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún méjì kò mọ ohun tó ń jẹ́ òfin ìpìlẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó ká àwa ọmọ Nàìjíríà lára ju gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn ará wa tí Boko Haram lé kúrò ní Borno, Diffa ni wọ́n sá lọ. Àwọn tí agbébọn lé kúrò ní Sókótó, Zamfara àti Katsina, Maradi ni wọ́n sá lọ. Àwọn ogúnléndé ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Niger nígbà náà lé ní 150,000. Niger tálákà yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, tó fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n pàgọ́ sí. Nígbà tí a ti bọ́dà, tí oúnjẹ ìrànwọ́ wọ́n, ọmọ wa náà wà lára àwọn tí a tì í mọ́. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba lásìkò náà, ó sì dùn mí.

Ìhà tiwa ńkọ́? Ìpínlẹ̀ méje ló bá Niger pààlà: Sókótó, Kebbi, Katsina, Zamfara, Jigawa, Yobe àti Borno. Láti ọ̀hún ni àlùbọ́sà, ẹ̀wà, màlúù àti àgbò Iléyá púpọ̀ tí à ń jẹ níbí ti ń wọlé. Mo mọ ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Bódìjà. Ó ti san owó ẹrù sílẹ̀ fún alágbàtà ní Birni N'Konni, ní òdìkejì Ìllélà, kí wọ́n tó ti bọ́dà. Ẹrù náà há. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà fàyàwọ́ gbé e dé nígbẹ̀yìn, ó tú àpò kan lójú mi. Òkè rẹ̀ gbẹ, ó pupa, ó wu ojú. Ìyá ki ọwọ́ bọ àárín àpò, nígbà tó máa fà á jáde, omi dúdú ló ń kán láti ìka rẹ̀ dé ìgúnpá, òórùn náà sì gba gbogbo ìsọ̀ kan. Kò sunkún. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, èmi kò mọ Tchiani rí, Tchiani náà kò mọ̀ mí. Ta ni mo ṣẹ̀?"

Kí n tó kúrò níbí: Bazoum tí a ní tìtorí rẹ̀ là ń ṣe é, inú ilé tí wọ́n tì í mọ́ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wà, iná kò sí, ó sì ránṣẹ́ síta pé ìrẹsì àti pasta lásán ni òun ń jẹ. Àwọn tó mú un mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló wà. Bí a ṣe ń halẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún okùn náà mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwọn alágbára ayé

Lórí èyí, mi ò ní pẹ́. Faransé àti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ìrànwọ́ owó dúró láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Báńkì Àgbáyé dá tirẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lé Niger sẹ́yìn ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Amẹ́ríkà ní ọmọ ogun tó tó ẹgbẹ̀rún kan ní Niger, àti pápákọ̀ òfuurufú ogun ní Agadez. Ó sì di ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó fẹnu ara wọn pè é ní ìfipágbàjọba, nítorí òfin wọn ní bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, owó gbọ́dọ̀ dúró. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ti ara wọn ni olúkúlùkù ń rò. Niger ti gbẹ́kẹ̀ lé owó òkèèrè fún apá púpọ̀ nínú ìṣúná rẹ̀, nítorí náà nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àwọn sójà gé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìṣúná ọdún náà. Ta ni ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba? Tíṣà ni, nọ́ọ̀sì ni.

Nígbà tó sì yá, kí ni gbogbo rẹ̀ mú wá fún àwọn alágbára náà? Àwọn ọmọ ogun Faransé, tí wọ́n tó 1,500, ti kúrò tán kí ọdún 2023 tó parí. Àwọn ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn ní 2024. Àwọn ará Rọ́ṣíà sì ti balẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn.

Adìyẹ bà lókùn

Àwọn tó gbìyànjú wà, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar àti Súlútáànì Sókótó lọ sí Niamey ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Wọn kò fojú kan Tchiani. Àwọn aáfà wa láti òkè ọya lọ ní ọjọ́ 12, Tchiani gbà wọ́n lálejò. Abdulsalami padà lọ ní ọjọ́ 19, lọ́jọ́ yẹn ó rí Bazoum fúnra rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa, nígbà tí Ààrẹ kọ̀wé sí wọn lórí ọ̀rọ̀ ogun, ní kí wọ́n lọ fi ọgbọ́n àgbà yanjú rẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Hausa, Fúlàní àti Kanuri ló wà ní ìhín àti ọ̀hún pààlà náà, bí Yorùbá ṣe wà ní Ìlárá tí pààlà Benin là sí méjì. Ta ni ìbá yìnbọn sí ta ni?

Mali àti Burkina Faso ti kéde láti ìparí oṣù Keje pé ẹni bá gbógun ti Niger, àwọn ló gbógun tì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí àdéhùn ààbò. Látìgbà náà, adìyẹ ti bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ogun kò wáyé, bọ́dà kò sì ṣí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn ti kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí àwọn baba wa dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Yakubu Gowon, tó kù nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ìyà náà kúrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ECOWAS gbé e kúrò. Kí ni wọ́n ní ó fà á? Àánú aráàlú, àti pé ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ti dé, ti Ràmàdánì sì ń bọ̀.

Inú mi dùn pé wọ́n gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: àánú tí a rí ní oṣù Kejì, ibo ló wà ní oṣù Kẹjọ? Bazoum kò padà sórí oyè. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ti dájọ́ ní oṣù Kejìlá 2023 pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, wọn kò tú u sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ̀wọ́, Togo ló sì bá wọn bẹ̀ ẹ́, láìyọ idà, láìti bọ́dà. Tchiani ni wọ́n búra fún ní oṣù Kẹta 2025, fún ọdún márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ Niger kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní 1996, Pierre Buyoya gbàjọba ní Burundi ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Kí oṣù náà tó pé, àwọn aládùúgbò rẹ̀ péjọ sí Arusha ní Tanzania, níṣojú Julius Nyerere, ààrẹ Tanzania àtijọ́, wọ́n ti ìlú náà pa. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rántí pé aráàlú ń jẹun, tí wọ́n ń yọ èyí, tí wọ́n ń yọ tọ̀hún. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a kúrò. Buyoya ṣì wà lórí àga, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2003.

Ẹ̀bi àwọn sójà

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sọ pé mo gbe sójà. Àwọn ló dá iná yìí. Àwọn náà ti ojú òfuurufú wọn fún nǹkan bí oṣù kan, tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn aláàánú kò lè fò. Àwọn ló lé aṣojú àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jáde ní oṣù Kẹwàá 2023. Àwọn ló ní kí àjọ Red Cross àgbáyé kó ẹrù wọn kúrò ní 2025. Nígbà tí ECOWAS sì ti ṣí bọ́dà tán, àwọn fúnra wọn ló kọ̀ láti ṣí ti Benin, tí ẹrù fi ń lọ yípo gba ọ̀nà jíjìn. Ààbò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbàjọba ńkọ́? Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 2025, nínú Ràmàdánì, wọ́n pa ènìyàn 44 ní mọ́ṣáláṣí ní Fambita. Irun ni wọ́n ń kí.

Ohun tí mo ń béèrè

Kí ni à bá ṣe? Ìka tó ṣẹ̀ kò farasin. Àwọn ọ̀gágun ní orúkọ, wọ́n ní owó, wọ́n ní ilé, àwọn ọmọ wọn ń rìnrìn-àjò. Owó wọn ni kí a kọ́kọ́ tì, ìwé ìrìnnà wọn ni kí a gbà. Èyíinì wà nínú ìwé Àbújá náà, ṣùgbọ́n afárá Malanville ni wọ́n kọ́kọ́ tì, wáyà iná ni wọ́n kọ́kọ́ gé.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé lọ bá àwọn aṣòfin yín nìyí. Kí ECOWAS kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpàdé pàjáwìrì mọ́: bí ìjẹníyà bá dé, oúnjẹ, oògùn, epo àti iná kò sí nínú rẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ọkọ̀ tó bá gbé oúnjẹ ọmọ kọjá láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ohun tí wọ́n ṣe fún Mali ní 2022 nìyẹn, kò ju agbára wọn lọ. Àwa tí Nàìjíríà ti ti bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ mọ́ láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di ìparí 2020 mọ bí ó ṣe rí nínú ìkòkò.

Àkókò mi ti lọ. Alága, mo dúpẹ́. Mo rí ọwọ́ ìyá wa kan lókè tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè wọn ṣáájú.